Tírélà Kékeré Lẹ́yìn Bọ́ọ̀sì: Ṣé Èrè Ni, Àbí Epo Ló Máa Jẹ Ẹ́ Tán?

Àwọn tó sọ Ajégúnlẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ní ibẹ̀ ni ajé gúnlẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ bá wọn jiyàn. Ohun tí wọn ò sọ ni pé ọjà tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, kó tó dé ọjà Boundary, epo mọ́tò á ti gé e jẹ lọ́nà. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ta ìyẹ̀fun, ṣúgà àti ìrẹsì. Iye tí wọ́n ra ọjà lọ́tọ̀, iye tí wọ́n fi gbé e délé lọ́tọ̀, èyí èkejì yìí ló sì ń fa orí fífọ́.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tí kò tó igba náírà lítà kan ní Èkó nígbà náà, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi sún mọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, ó ti gba ẹgbẹ̀rún náírà mú. Dísẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ gbẹ́sẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nǹkan bí ₦300 ni, kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá ₦800.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ní bọ́ọ̀sì kékeré kan, tàbí àwọn obìnrin mẹ́ta mẹ́rin tó da owó àjọ pọ̀ ra ọ̀kan, fi lè jókòó lálẹ́ kí wọ́n máa rò ó pé: bí a bá so tírélà kékeré mọ́ ìdí ọkọ̀ wa yìí ńkọ́? Ṣebí ẹ̀ẹ̀kan náà la ó lọ, a ó sì kó ẹrù ẹ̀ẹ̀mejì bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ ó ní bó ṣe jẹ́.

Tírélà tí à ń wí yìí kì í ṣe gàgàrà tó ń gbé kọ̀ntéńà jáde ní wọ́ọ̀fù o. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní dírẹ́bà. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré, tí wọ́n so mọ́ ìdí danfó, tó ń ta pọ́ún pọ́ún tẹ̀lé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ da dẹ́kìn, ó ti rí ọmọ ìyá rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tí wọ́n ń gbé lọ sóde àríyá náà, orí irú ẹsẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kà. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè fi irin, páànù àti táyà méjì tò ó jọ.

Àwọn òyìnbó tiẹ̀ ń kọ́ ilé sórí tiwọn. Ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ilé ìgbẹ́ pàápàá wà níbẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ó di ìrìn àjò ìsinmi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wally Byam ló dá ilé iṣẹ́ Airstream sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1931. Nígbà tó di 1936, wọ́n gbé èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe jáde, ó fúyẹ́, ara rẹ̀ sì rí roboto kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Kì í ṣe fáàrí lásán. Wọ́n ti rí i pé ìwúwo àti afẹ́fẹ́ ló ń mu epo. Títí di òní, bí àwọn onílé-ẹ̀yìn-ọkọ̀ bá pàdé ara wọn, iye epo tó ń mu ni wọ́n máa ń bi ara wọn, kì í ṣe bí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe rọ̀ tó. Lójú títì márosẹ̀, kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú wọn bí mọ́tò bá ń mu tó ìlọ́po méjì iye tó ń mu nígbà tó bá dá rìn.

Ti àwa wá yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ẹni tó ń sáré: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ta ló wá ń sáré láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ la mọ̀ níbẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn díẹ̀ tó ń dúró, ohun méjì ló ń mu epo. Èkíní ni ìwúwo, nítorí gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá tẹ búrékì tó tún ṣí, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì tún ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ gbogbo ẹrù náà látìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ìdúró. Ẹ́ńjìnnì tó wà ní títàn tí kò lọ síbì kan, epo ló ń jẹ, kò sì gbé àpò kan dé ibi tó ń lọ.

ÌDÚRÓ TI PẸ́ NÍ ÀPÁPÁ

Láti 1921 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èbúté Àpápá, ọdún 1926 ni ibùdó ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ parí. Àwọn àgbà ò tíì gbàgbé 1975, nígbà tí ìjọba ti ra sìmẹ́ǹtì ju ohun tí èbúté lè gbà lọ, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sórí òkun tí wọn ò ráyè já ẹrù. Wọ́n kọ́ èbúté Tin Can, wọ́n ṣí i ní 1977. Ìtò kúrò lórí omi, ó wá bọ́ sórí títì. Ojú ẹni tó bá gbé Olódì-Àpápá tàbí Mile 2 ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló ṣe, tí tírélà tò bí ọkà tí wọ́n sá sóòrùn, tí awakọ̀ ń sùn, tó ń jí, tó ń wẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 ni àjọ tó ń bójú tó èbúté bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní Ètò, pé kí tírélà dúró sí ibùdó títí wọ́n á fi pè é.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìdúró ń jẹ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì máa ń mu nǹkan bí lítà mẹ́ta ní wákàtí kan bó bá wà ní títàn lórí ìdúró. Èyí tó bá fi wákàtí mẹ́wàá dúró bẹ́ẹ̀, ọgbọ̀n lítà ti lọ, kò sì tíì sún ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Onítírélà kò ní san án lápò ara rẹ̀. Á lé e lórí ẹni tó ni ẹrù, ẹni tó ni ẹrù á lé e lórí aláràtúntà, á sì gúnlẹ̀ sórí ẹni tó wá ra kóńgò kan.

ÌṢIRÒ RẸ̀ NÌYÍ

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tó fẹ́ kó ogún àpò ìyẹ̀fun láti Àpápá wá sí Boundary. Àpò kan jẹ́ àádọ́ta kílò, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń gbé mẹ́wàá. Ká ní àlọ àti àbọ̀ ń jẹ lítà méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò lọ, lítà mẹ́rin nìyẹn. Bó bá wá so tírélà tó kó àpò mẹ́wàá tó kù mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò lọ, ká sọ pé epo lọ sókè di lítà mẹ́ta. Ó jèrè lítà kan, ẹgbẹ̀rún náírà bí a bá ka lítà sí ẹgbẹ̀rún, yàtọ̀ sí àkókò tí dírẹ́bà fi pamọ́. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà nìyẹn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí kò fa nǹkan kan lè gba àdúgbò yọ, kó fẹ̀yìn rìn, kó wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó pàtẹ. Èyí tó ní tírélà nídìí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ojú títì ńlá ni yóò dúró sí láàárín àwọn gàgàrà. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bẹntiróòlù lè mu tó lítà kan ní wákàtí kan lórí ìdúró. Wákàtí kan péré tó bá fi dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lítà tó jèrè ti wọlé, ó ti jáde. Wákàtí méjì, gbèsè ti dé. Nítorí náà, ẹni tó bá lè jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ọ̀nà tó dí, òun ni tírélà yìí yẹ. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọjọ́rọ̀ ni wọ́n máa ń já ẹrù fún, kó fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Ohun kejì ni pé tírélà òfìfo kò fúyẹ́ tó bí ojú ṣe rí i. Àpótí irin náà lè wọn tó 250 kílò, tó jẹ́ ìwúwo àpò ìyẹ̀fun márùn-ún. Ẹni tó ń fà á lọ lófìfo ń sanwó àpò márùn-ún tí kò sẹ́ni tó máa rà á. Kó wá kiréètì ìgò òfìfo dà sí i lọ, kó gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí kò bá sì sí ẹrù, kó tú u sílẹ̀. Kì í ṣe ìyàwó, kò pọn dandan kó máa tẹ̀lé ọkọ̀ kiri.

Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ti fi ọkọ̀ síta rí mọ orin yìí:

"Mọ̀mọ́, epo ti ń lọ sílẹ̀ o."

"Èwo tún ni? Ṣebí àná lo gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹrù ẹ̀yìn yẹn ló ń fà á."

Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni epo gbà lọ. Ìjà kọ́ ni yóò fi hàn. Ẹ ní kó bu epo kún táǹkì dé ẹnu, ẹ kọ nọ́ńbà máìlì tó wà níwájú dírẹ́bà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹ tún bu ú kún dé ẹnu. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni ọkọ̀ mu, pẹ̀lú gbogbo èyí tí ẹ bá ti rà láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣe ọ̀sẹ̀ kan láìsí tírélà, ẹ fi tírélà ṣe ọ̀sẹ̀ kejì. Ìwé pélébé kan ti tó.

Táyà ni yóò kọ́kọ́ dójú tì yín bí ẹ ò bá ṣọ́ ọ. Táyà tó rọ̀ máa ń mu epo, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nípa ti tòkunbọ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT kí ẹ tó sanwó: bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ó lè máa dán, kó ti darúgbó. Bèárìn inú ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń fẹ́ gíríìsì tuntun, pàápàá lẹ́yìn òjò, nítorí omi tó ń dúró lójú títì Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Nígbà tí ẹ bá ń to ẹrù, ẹ má ṣe kó o sẹ́yìn. Nínú àpò mẹ́wàá, kí mẹ́fà wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, kí mẹ́rin wà lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á sì máa gbọn ìdí mọ́tò títí dírẹ́bà kò fi ní lè dì í mú. Ní Bìrìtéènì, èyí tí kò ní búrékì tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wọn ju 750 kílò lọ, tòun tẹrù. Ẹ ṣírò rẹ̀: irin 250, àpò mẹ́wàá 500. Ó ti pé géérégé, kò gba àpò kọkànlá, bó ti wù kí àwọn alábàárù máa pariwo pé ó ṣì gbà á.

Okùn, ṣéènì àti iná ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣọ́wó lé lórí. Ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, kọ̀ntéńà já bọ́ lórí bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gba, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ti ẹ̀yin kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tírélà kékeré tó bá já kúrò nídìí bọ́ọ̀sì, inú èrò ọjà ni yóò wọ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi ṣéènì kejì sí i, yàtọ̀ sí irin tó so ó mọ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ tí ẹrù ò bá sí, àwọn tó ń háyà kánópì àti àga lè gbà á lọ sóde, àwọn bíríkìlà sì lè fi kó irin. Ẹ gba owó yín ṣáájú, ẹ sì yẹ táyà wò nígbà tó bá dé. Bó bá sì máa sùn síta, ẹ fi ṣéènì de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, nítorí kò ní ẹ́ńjìnnì, olè kò sì nílò kọ́kọ́rọ́ láti fà á lọ.