Kí Ìgbájú Tó Dé

Bí ẹbí bá gbọ́ pé nǹkan ò lọ déédéé láàrin ọmọ wọn àti ọkọ rẹ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi í: "Ṣé ó ń nà ọ́ ni?" Bó bá ti lè dáhùn pé rárá, ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ mú sùúrù, pé ahọ́n àti ẹnu pàápàá ń jà. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ bá wí, nítorí pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ìyà ti ń jẹ èèyàn, ìgbájú kọ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Kó tó dé, ẹnì kan ti ń gba agbára ìpinnu lọ́wọ́ ẹnì kejì: ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀, ibi tó lè lọ, owó tó lè ná, títí dórí aṣọ tó lè wọ̀. Ẹni tó bá dúró de ìgbà tí ojú ọmọ rẹ̀ máa wú kó tó gbà pé ìyà ń jẹ ẹ́ ti pẹ́ jù: èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà náà ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwádìí ńlá tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú lọ́dún 2018 ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Nínú àwọn obìnrin tó lọ́kọ tàbí tó ti lọ́kọ rí, ìdá 32 nínú 100 ló sọ pé ọkọ ti dójú ti àwọn láwùjọ rí, tàbí ó ti halẹ̀ mọ́ àwọn, tàbí ó ti bú àwọn débi pé àwọn ń fojú tín-ín-rín ara àwọn. Àwọn tó sọ pé ó ti lu àwọn jẹ́ ìdá 19. Ìyà tí kì í dápàá sára ló wọ́pọ̀ jù, òun gan-an ni ìbéèrè ẹbí ò sì bá pàdé. Ìwádìí náà tún fi hàn pé nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fipá bá lò, ìdá 55 ni kò wá ìrànlọ́wọ́ rí, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ju ìdajì lọ. Èmi ò gbà pé ìtìjú nìkan ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tí wọ́n ti já kúrò lára ọ̀rẹ́ àti ìbátan fún ọdún mélòó kan, ta ni yóò sọ fún?

Ẹ jẹ́ ká wò ó nítòsí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìfẹ́ ló jọ. Ọkọ ní kó máa pe òun bó bá ti wọkọ̀, kó tún pe òun bó bá sọ̀ kalẹ̀. Ó di pé kó ṣe fídíò kọ́ọ̀lù, kí òun lè rí ẹni tó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó gba nọ́ńbà tí ìyàwó fi ń ṣí fóònù rẹ̀, ó sì ń ka WhatsApp rẹ̀ lóru. Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń kọ́ ọ ní ìwà burúkú, kó pa nọ́ńbà ẹni náà rẹ́. Àbúrò ìyàwó wá kí wọn lọ́jọ́ Sunday, ọkọ lejú koko títí àlejò fi dìde, àbúrò náà ò sì padà wá mọ́. Ìyàwó ń ṣiṣẹ́, ó ń gbowó oṣù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ ni káàdì ATM wà, orí fóònù ọkọ sì ni alert ń wọlé sí. Bó bá ti ọjà dé, yóò ka iye tó ra ata àti iye tó ra tòmátì, yóò sì dá ṣéńjì padà. Bí igba náírà bá dín níbẹ̀, ilé ò ní rójú lọ́jọ́ náà. Tó bá sì sunkún, ọkọ á ní orí rẹ̀ ni kò pé, òun ò sọ ohun tó ní òun sọ. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó lè gbé lọ sí ọsibítù kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ya ìwà yìí sọ́tọ̀ sí ìjà tọkọtaya lásán ni ìbẹ̀rù. Níbi tí ìjà lásán bá wà, àwọn méjèèjì ló lè ní "n ò gbà", kí wọ́n bínú síra wọn, kí ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì jọ jẹun. Níbi tí ìjẹgàba bá wà, ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́. Ẹnì kejì ti ń wo ojú kó tó lanu, ó ń gbọ́ ìró ọkọ̀ níta, àyà rẹ̀ sì ń já. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí ẹbí máa bi ọmọ wọn ni pé: "Bí o bá sọ pé rárá, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Àwọn kan á ní ọkọ ni olórí ilé, pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bẹ̀rù pé kí àṣà má parẹ́, ṣùgbọ́n àṣà tó ń gbèjà yẹn kò ti ìjẹgàba lẹ́yìn. Láti ayé àwọn ìyá wa, ajé obìnrin, ọwọ́ obìnrin ló ń wà. Ìyàwó ń tajà, ó ń jèrè, ó ń dá èésú, ọkọ kì í béèrè ìṣirò owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó lọ sílé ọkọ kò yé jẹ́ ọmọ ilé bàbá rẹ̀: oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń fi kì í dọjọ́ alẹ́, bí ọ̀ràn bá sì ṣẹlẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti wá béèrè. Ọkọ tó bá gba owó ìyàwó, tó tún lé ìbátan rẹ̀ sẹ́yìn, àṣà ló ń tẹ̀ lójú.

Òfin náà ti rí i. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2015, kò mọ sórí lílù nìkan. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fipá ya èèyàn kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́, láti máa fi ọ̀rọ̀ àti ìhàlẹ̀ ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, àti láti fipá sọ ọ́ di ẹni tó gbára lé ẹlòmíràn fún owó. Ẹ̀wọ̀n èyí tó gbẹ̀yìn lè tó ọdún 2. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2007, ó sì ní àjọ kan, DSVA, tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, láti òpin ọdún 2015, ẹni tó bá ń jẹgàba lórí ẹnì kejì rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún mọ èyí, nítorí físà ni ọ̀pọ̀ ọkọ fi ń halẹ̀ mọ́ ìyàwó níbẹ̀: "Èmi ni mo mú ọ wá, èmi ni mo máa dá ọ padà." Ẹni tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tàbí ọkọ ọmọ onílùú ní ọ̀nà lábẹ́ òfin láti bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìgbélùú tirẹ̀ bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ní àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Nàìjíríà, wọ́n ṣì lè ní kí ẹni tó wá fẹjọ́ sùn lọ yanjú ẹ̀ nílé. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó dá lọ.

"Kí ló dé tí kò kúkú kúrò níbẹ̀?" Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù, nítorí ó ń gbé ẹ̀bi ka orí ẹni tí ìyà ń jẹ. Lọ́dún 2003, Jacquelyn Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde láti ìlú ńlá 11 ní Amẹ́ríkà; wọ́n fi àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin wọn pa wé àwọn tí wọ́n fìyà jẹ ṣùgbọ́n tí wọ́n yè. Obìnrin tí ẹni tó ń jẹgàba lé e lórí gidi bá ti fi ìyà jẹ, tó sì wá kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ewu ikú rẹ̀ lọ sókè ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ gan-an ni ọkùnrin náà máa rí i pé agbára ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Nítorí náà, "ṣáà kó ẹrù ẹ jáde" kì í ṣe ìmọ̀ràn fún ẹni tí kò tíì ní ètò. Àmì kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fojú fò: bí ọkùnrin náà bá ti fún un lọ́rùn rí. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2008 rí i pé ewu pípa obìnrin bẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méje. Kí ó lọ sí ọsibítù bí ọrùn rẹ̀ ò tilẹ̀ lápàá.

Àwọn mìíràn á ní kó fara dà á: "Torí ọmọ ni." Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga l'Ábújá dájọ́ ikú fún Peter Nwachukwu lórí ikú ìyàwó rẹ̀, Osinachi, olórin ìhìnrere tó kú lọ́dún 2022. Àwọn ọmọ wọn wà lára àwọn tó jẹ́rìí ní kóòtù. Àwọn ọmọ ń gbọ́, wọ́n ń rí i, ó sì ń wọ̀ wọ́n lára.

Ìpàdé ẹbí ti tún ilé púpọ̀ ṣe, n ò sì bẹnu àtẹ́ lù ú níbi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ èdè àìyedè. Ṣùgbọ́n níbi tí ìbẹ̀rù bá wà, pàkúté ni. Wọ́n á ní kí ìyàwó sọ tẹnu rẹ̀ lójú ọkọ. Bó bá sọ ọ́, alẹ́ ọjọ́ náà ló máa jìyà rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe é. Ọkọ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní "ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi," wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì ní kí wọ́n jọ máa lọ sílé. Ìyàwó nìkan ni kẹ́ ẹ pè, níbi tí ọkọ ò sí, kì í ṣe lórí fóònù tí ọkọ ń kà. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sọ fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ má lọ bá ọkọ jà láìjẹ́ pé ó ní kẹ́ ẹ lọ. Ẹ bá a tọ́jú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé NIN àti owó ọkọ̀. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé bó bá ti lè sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ti mọ̀ pé kẹ́ ẹ máa bọ̀. Bákan náà lẹ ṣe gbọ́dọ̀ ṣe fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń fìyà jẹ. Wọ́n wà, ẹ̀rín tí a ń fi wọ́n rín ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣòro jù fún ẹbí ni pé ọmọ wọn lè kúrò, kó tún padà, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Inú á bí wọn, wọ́n á ní àwọn ò dá sí i mọ́. Ohun tí ọkọ náà sì fẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti ń pinnu gbogbo nǹkan fún láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní yè bọ́ bí ẹ̀yin náà bá tún gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ́ ẹ ń pa á láṣẹ, tẹ́ ẹ sì ń halẹ̀ mọ́ ọn pé ẹ máa kẹ̀yìn sí i. Ẹ máa pè é nìṣó, kódà bó bá jẹ́ ìkíni ìṣẹ́jú méjì ni. Bí ọkọ ò bá jẹ́ kó wá sílé yín, ẹ lọ kí i níbi iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ní ìsọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé yàrá rẹ̀ ṣì wà nílé.