Ìnáwó Ìgbéyàwó: Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́
Ẹ̀yin òǹwòran wa, kí ni ó ń gbé ìgbéyàwó ró gan-an nílẹ̀ Yorùbá? Ìyọ̀ǹda òbí ni, pẹ̀lú ìdána: obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti iṣu, tí a fi ń wúre fún tọkọtaya. Aṣọ ẹbí, onílù àti àgọ́ ńlá kò sí lára rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ayẹyẹ ni wọ́n. Iye ẹrù ìdána pàápàá ṣeé bá àna sọ, ọ̀pọ̀ ẹbí sì ń dá owó orí padà. Nítorí náà, kí ọkọ ìyàwó tètè dá àjọ, kí ó ra ẹrù ìdána ná, kí ó tó ka iye àlejò. Ẹni tí ó yáwó ṣe ìgbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ ni yóò bá a san gbèsè náà.