Bàtà Tí Ó Yẹ Ọmọ Tí Ń Sáré Ìje

Ọ̀pọ̀ òbí ni í ra bàtà tí ó ju ẹsẹ̀ ọmọ wọn lọ, kí ó bàa lè lò ó di ọdún tí ń bọ̀. A kò bá wọn wí, nítorí owó kò rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ń kọ́ eré ìje, ìṣọ́wóná yìí lè di ìpalára. Bàtà tí ó tóbi jù a máa dá egbò sí gìgísẹ̀. Èyí tí ó há a máa ba èékánná jẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Nítorí náà, ẹ mú ọmọ náà lọ sí ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí yóò fi sáré. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí wọn kì í sábà dọ́gba. Èyí tí ó tóbi jù ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí ó bá dúró, kí ààyè tí ó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ wà láàrin ìka ẹsẹ̀ tí ó gùn jù àti orí bàtà. Ẹ jẹ́ kí ó sáré díẹ̀ níbẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ń yọ jáde, ẹ dá bàtà náà padà.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni agbára yín ká, ẹ gbé e ka orí tábìlì, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ti mọ́ lára; ẹ fi í sílẹ̀. Ní ti bàtà tí ó ní ìṣó lábẹ́, ọjọ́ ìdíje ni tirẹ̀, kì í ṣe ti ojoojúmọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ bàtà tàn yín jẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré ìje onígi fífò ti 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, obìnrin kan kò sì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàtà àwọn asáré ọ̀nà jíjìn ni ó wọ̀, nítorí ìpalára ti yọ ọ́ lẹ́nu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ó sì béèrè èyí tí abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Ohun tí ara rẹ̀ fẹ́ ni ó wò, kì í ṣe ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀.

Ọmọ tí ó fẹ́ràn eré kì í fẹ́ sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, kí a má bàa dá a dúró. Bí ó bá ń tiro, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ: ẹ fún un ní ìsinmi, bí kò bá sì dẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ẹsẹ̀ ọmọdé kì í pẹ́ dàgbà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi àtàǹpàkò yín tẹ orí bàtà náà wò.