Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Yóò Bá Ilé Pẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe ní Àjàṣẹ́, kí ó rántí ọ̀sà: ọ̀rinrin rẹ̀ kì í jẹ́ kí pákó sinmi. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti àtè ṣe a máa dán lọ́jà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá gba etí rẹ̀ wọlé, yóò wú. Ìrókò wọ́n, àmọ́ ikán kì í tètè rí i jẹ. Ẹ fi ṣe ẹsẹ̀ àti apá tó sún mọ́ omi.

Ní ti ilẹ̀kùn, ẹ wo fèrèsé ilé àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé: pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá. Orógùn tí a kó sẹ́yìn irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè bu.

Ọ̀dà funfun a máa mú ilé ìdáná mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín àti epo pupa yóò hàn lára rẹ̀. Fáníìṣì a máa bo àbàwọ́n. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kí wọ́n kun ẹ̀yìn àti etí pákó pẹ̀lú.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń dáná níbẹ̀ kí ẹ tó pe káfíńtà.