Ta ló ń sanwó ìkọ́ṣẹ́ ọ̀dọ́? Ìdí tí àìríṣẹ́ṣe fi ń bá Sípéènì fínra ju Jámánì lọ

Ní ọdún 2013, nígbà tí wàhálà ọrọ̀ ajé gbóná jù ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó lé ní ìdajì nínú àwọn ọ̀dọ́ Sípéènì àti Gíríìsì tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́ lójú méjèèjì ni kò rí i. Ní Jámánì lọ́dún yẹn kan náà, wọn kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Owó Yúrò ni orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ná, ọjà kan náà ni wọ́n sì jọ ń tà sí. Kí ló wá mú kí ọmọ ogún ọdún máa gbowó oṣù ní Munich ní Jámánì, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jókòó sílé ní Seville ní Sípéènì?

Òótọ́ ni pé bí ọrọ̀ ajé bá ń gòkè, iṣẹ́ á pọ̀ sí i. Àmọ́ bí a bá tú òfin iṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè yìí wò, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń wá ìdáhùn sí: ọmọ tí kò tíì mọṣẹ́, ta ni yóò gbà á, ta ni yóò sì fara mọ́ àdánù ọdún àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ kò tíì mọ́ ọn lára?

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka aláìríṣẹ́?

Ẹni ọdún 15 sí 24 ni Eurostat, àjọ oníṣirò Yúróòpù, ń pè ní ọ̀dọ́ nínú ìṣirò yìí. Kí wọ́n tó ka ènìyàn sí aláìríṣẹ́, kò gbọdọ̀ níṣẹ́ kankan lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ ti wáṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, kó sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wáṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò náà rárá.

Ká ní ọ̀dọ́ 100 ló wà ní ìlú kan, tí 60 wà nílé ìwé tí wọn kò wáṣẹ́. Nínú 40 tó kù, 20 ń ṣiṣẹ́, 20 ń wá a kiri. Ìwé ìròyìn á gbé e pé àìríṣẹ́ṣe ọ̀dọ́ ti di 50 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́ 20 péré ló ń wáṣẹ́ tí kò rí. Ìdí nìyí tí wọ́n tún fi ń ka àwọn ẹni ọdún 15 sí 29 tí wọn kò sí nílé ìwé, tí wọn kò ṣiṣẹ́, tí wọn kò sì kọ́ṣẹ́. Ní 2023, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní gbogbo Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní Netherlands wọn kò tó 5. Ní Romania wọ́n lé ní 19.

Sípéènì: ọ̀dọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ

Láti 1984 ni ìjọba Sípéènì ti dẹ okùn fún kọ́ńtíráàtì onígbà díẹ̀, kí àwọn ilé iṣẹ́ lè máa gba ènìyàn láìfòyà. Wọ́n gbà wọ́n lóòótọ́. Nígbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń mówó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn jù. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin pa ìwé tì, wọ́n gba sáìtì lọ.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, ilé kíkọ́ dúró. Ẹ wo ìṣirò tó wà níwájú ọ̀gá ilé iṣẹ́ nígbà náà. Bí ó bá lé àgbà òṣìṣẹ́ tó wà lórí ìwé ayérayé láìsí ìdí tí òfin gbà, owó iṣẹ́ ọjọ́ 45 ni yóò san fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹni náà ti lò. Bí kọ́ńtíráàtì ọ̀dọ́ bá parí, ọjọ́ 8 péré ni. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọ ní ẹni tí yóò kọ́kọ́ lé. Ní oṣù Karùn-ún 2011, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde sí gbàgede Puerta del Sol ní Madrid, wọ́n pàgọ́ síbẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ní oṣù Kejì 2022 ni òfin tuntun tí mínísítà iṣẹ́, Yolanda Díaz, gbé wá kọjá nílé aṣòfin pẹ̀lú ìbò 175 sí 174. Aṣòfin alátakò kan tó ń dìbò láti ilé ló ṣèèṣì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Òfin yìí sọ ìwé ayérayé di àṣà, ó fagi lé ọ̀pọ̀ kọ́ńtíráàtì onígbà díẹ̀. Àwọn tó wà lórí kọ́ńtíráàtì bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ láti nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin sí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà. Síbẹ̀, ní 2024, àìríṣẹ́ṣe ọ̀dọ́ ṣì lé ní 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin lè tún ìwé òṣìṣẹ́ ṣe, kò lè kọ́ ọ níṣẹ́.

Gíríìsì: wọ́n gé owó oṣù

Ní 2012, nígbà tí àwọn ayánilówó fún Gíríìsì lọ́rùn, ìjọba gé owó oṣù tó kéré jù láti Yúrò 751 sí 586. Ti ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 wálẹ̀ dé 511. Èrò wọn ni pé bí owó ọ̀dọ́ bá wálẹ̀, ilé iṣẹ́ á máa gbà wọ́n. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin: lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àìríṣẹ́ṣe wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù tí kò rí oníbàárà kò ní gba olùtajà nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ní 2019 ni wọ́n tó fagi lé ìyàtọ̀ náà, tí owó oṣù tó kéré jù sì di Yúrò 650 fún tọmọdé tàgbà.

Jámánì: ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́

Ètò Jámánì kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó mọ ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, àfi pé nǹkan mẹ́ta yàtọ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́: fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní Yúrò 682 lóṣù. Ìkejì, ọmọ náà ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi iṣẹ́, ó sì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìyókù ọ̀sẹ̀, fún ọdún méjì sí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìkẹta, kì í ṣe ọ̀gá ló ń dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ agbègbè náà ló ń dán an wò, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láti Hamburg dé Munich. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ báyìí lé ní 300, láti bíríkìlà dé akọ̀wé báǹkì.

Ètò náà ní àléébù tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń yà sí irú ilé ìwé tí yóò lọ. Ẹni tí kò bá sì rí ọ̀gá kì í sábà rí ọ̀nà mìíràn gbà: ó lé ní mílíọ̀nù méjì ẹni ọdún 20 sí 34 tí kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kankan. Àfarawé rẹ̀ náà sì nira. Ní Berlin, ní ìparí 2012, Sípéènì, Gíríìsì, Pọtugí, Ítálì, Slovakia àti Latvia bá Jámánì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn náà yóò gbìyànjú rẹ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́wàá ló pọ̀ jù ní Sípéènì. Èwo nínú wọn ló ráyè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́ta?

Faransé àti ìlérí oṣù mẹ́rin

Ní Faransé, ìjọba ló tú àpò. Láti 2020 títí di ìparí 2022, agbanisíṣẹ́ lè gba owó tó tó Yúrò 8,000 lórí ẹnì kan tó gbà láti kọ́ṣẹ́. Ní 2022, kọ́ńtíráàtì ìkọ́ṣẹ́ tuntun lé ní 800,000, ṣùgbọ́n ju ìdajì lọ ló jẹ́ ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn tí iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n fún tẹ́lẹ̀. Ní 2025, ìjọba gé owó náà sí 5,000 fún ilé iṣẹ́ kéékèèké àti 2,000 fún àwọn ńlá.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pẹ̀lú ṣèlérí ní 2013 pé láàárín oṣù mẹ́rin tí ọ̀dọ́ bá jáde ilé ìwé tàbí tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò rí iṣẹ́, ìkọ́ṣẹ́ tàbí àyè láti padà kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò àjọ náà yẹ orílẹ̀-èdè méje wò, ìjábọ̀ wọn ní 2017 ni pé kò sí ọ̀kan tó lè mú un ṣẹ fún gbogbo ọ̀dọ́ tó yẹ.

Ṣé ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà?

Ó kàn wá. Àyè ìkọ́ṣẹ́ tó lé ní 60,000 ṣófo ní Jámánì ní 2023, torí pé ọmọ ilẹ̀ náà kò tó mọ́. Láti oṣù Kẹta 2024, ẹni tó wá láti òde Yúróòpù, tí kò tíì pé ọdún 35, tó gbọ́ èdè Jámánì dé ìpele B1, tí ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ sì kún ojú òṣùwọ̀n, lè gba físà oṣù mẹ́sàn-án láti lọ wá ọ̀gá. Àpò ara rẹ̀ ni yóò fi jẹun títí ọ̀gá yóò fi buwọ́ lùwé. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ìrìn àjò yìí, kíláàsì èdè Jámánì ni kí ó kọ́kọ́ ná nínú owó náà sí, nítorí ọ̀gá tí kò bá gbọ́ ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń sọ kò ní sanwó láti kọ́ ọ.