BÍ KÁTÁPÍLÀ ṢE LÈ DI ILẸ̀ MÚ NÍNÚ IGBÓ GẸDÚ

Ìtì igi apá àti ìtì igi ayín, tí ó ń hù ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, wúwo ju ohun tí èjìká ènìyàn lè gbé lọ. Ibi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, kátápílà tí ó ní ọwọ́ irin níwájú ni a fi ń gbé wọn sórí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí a máa yọ̀, a sì máa rì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó rò pé kí a fi kún iná ẹ́ńjìnnì ni oògùn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹ̀rọ ń tì kí ó tó lè lọ síwájú. Bí ilẹ̀ náà kò bá lè dúró, agbára ẹ́ńjìnnì yóò kàn máa gbẹ́ kòtò ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ yá, kí ó kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ wọ igbó, kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ igbó. Nínú igbó ìpamọ́ tí a ń pè ní Old Oyo National Park, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, òfin kò gba igi gígé rárá.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀RỌ FI Ń YỌ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1904, Benjamin Holt, ará California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yọ kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ oko rẹ̀ kan, ó sì fi ẹ̀wọ̀n tí a kan pákó mọ́ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé kẹ̀kẹ́ a máa rì nínú ilẹ̀ àbàtà ibẹ̀. Ọgbọ́n náà ni pé ẹ̀wọ̀n ń pín ìwúwo ká orí ilẹ̀ tí ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí kátápílà bá wọn tọ́ọ̀nù 15, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tẹ ilẹ̀ ní mítà 2.4 ní gígùn àti sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìbú, ìwúwo tí ó bọ́ sórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró jẹ́ nǹkan bíi kílógíráàmù 0.6. Ti táyà ọkọ̀ akẹ́rù lè tó kílógíráàmù 7.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ilẹ̀ ń gbà di ẹ̀rọ mú kò rí bákan náà níbi gbogbo. Iyanrìn kò lẹ̀ mọ́ra. Ìwúwo ẹ̀rọ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ tí kò fi lè sá. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá wúwo sí i lórí iyanrìn, yóò di ilẹ̀ mú sí i. Amọ̀ tútù yàtọ̀ pátápátá. Lílẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń di ẹ̀rọ mú. Àfikún ìwúwo kò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí ó fẹ̀ ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ní Òkè-Ògùn, ẹ óò bá iyanrìn àti yangí ní orí òkè, ẹ óò sì bá amọ̀ ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ní etí odò. Awakọ̀ kan lè pàdé méjèèjì ní òwúrọ̀ kan náà. Ní ti àpáta tí ó yọ sókè, irin kò rí ohun kankan bù jẹ níbẹ̀. Ẹ yà fún un.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ yan àkókò. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ilẹ̀ le jù lọ. Ẹ kó igi etí odò nígbà náà, kí òjò tó dé.

2. Ẹ wo eyín ẹ̀wọ̀n. Lára bàtà irin kọ̀ọ̀kan tí ó so pọ̀ di ẹ̀wọ̀n ni eyín wà tí ó ń wọ inú ilẹ̀. Bàtà eléyín kan tí ó ga ni ó ń di ilẹ̀ mú jù, ṣùgbọ́n a máa ya ilẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Bàtà eléyín mẹ́ta ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n a máa tètè yọ̀. Bí eyín bá ti jẹ tán, kí ọ̀jáfáfá nínú iṣẹ́ wẹ́dà jó irin tuntun mọ́ ọn.

3. Ẹ wọn bí ẹ̀wọ̀n ṣe rọ̀ tó. Ẹ gbé igi gbọọrọ lé orí ẹ̀wọ̀n lókè, kí ẹ sì wọn àyè tí ó wà lábẹ́ igi náà níbi tí ẹ̀wọ̀n ti rọ̀ jù. Lára ọ̀pọ̀ kátápílà, a máa tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ̀wọ̀n tí ó dẹ̀ jù yóò yọ. Èyí tí ó le jù yóò tètè jẹ, yóò sì máa jí agbára ẹ̀rọ. Ẹrẹ̀ tí ó há sínú ẹ̀wọ̀n a máa mú un le sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe fọ ẹrẹ̀ náà kúrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe gbé ojú sún mọ́ ibi tí gírísì ń gbà jáde, nítorí ó lè fi agbára wọ inú ẹran ara.

4. Ẹ gbé ẹrù sísàlẹ̀. Ìtì igi tí a gbé ga ń ti ìwúwo lọ síwájú, orí ẹ̀wọ̀n yóò rì, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì fúyẹ́. Bí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ kọjú sí òkè. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn sọ̀. Ẹ má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, nítorí ọ̀nà ikú ni.

5. Ẹ tún ọ̀nà ṣe. Ní ibi tí ó rọ̀, ẹ to ẹ̀ka igi ní ìdábùú ọ̀nà, kí ó nípọn. Ẹ má ṣe yí ẹ̀rọ lójú kan. Ẹ ṣẹ́ kọ́nà tí ó gbòòrò.

BÍ Ẹ̀RỌ BÁ RÌ

Bí ẹ̀wọ̀n bá yí lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ̀rọ kò sún, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ gbẹ́ erùpẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀wọ̀n, kí ẹ sì fi igi sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí a fi okùn irin fà á, kí gbogbo ènìyàn jìnnà ju gígùn okùn náà lọ, nítorí okùn tí ó bá já a máa pa ènìyàn. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni ó máa ń le.

Ẹ̀YIN IṢẸ́

Àwọn olùwádìí ní IITA ní Ìbàdàn dán oríṣi ọ̀nà ìṣánlẹ̀ wò ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ tí a fi kátápílà ti igi rẹ̀ ṣubú tí a sì hú gbòǹgbò rẹ̀ pàdánù erùpẹ̀ púpọ̀ ju èyí tí a fi ọwọ́ ṣán lọ. Erùpẹ̀ rere kò nípọn ní ọ̀dàn wa. Ipa ẹ̀wọ̀n tí ó tọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ tààrà yóò di ọ̀gbun bí òjò bá dé. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó kúrò nínú igbó, ẹ la ipa omi ní ìdábùú ọ̀nà náà, kí ẹ sì da ẹ̀ka igi bò ó. Ilẹ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ yín lónìí ni àwọn ọmọ yín yóò fi dáko lọ́la.