Ẹni Tí Kò Ní Gba Ife Kríkẹ́ẹ̀tì Ni A Lè Mọ̀

Láti ọdún 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Ife Àgbáyé kríkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà 13 ni wọ́n ti gbá a títí di 2023. Ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló pín ife 13 náà mọ́wọ́: Ọsirélíà gba mẹ́fà, Íńdíà gba méjì, West Indies tí í ṣe àkójọ àwọn ilẹ̀ Kàríbíánì gba méjì, Pakistan, Sri Lanka àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 2007, wọ́n dá ife mìíràn sílẹ̀ fún irú kríkẹ́ẹ̀tì tó kúrú, tí wọ́n ń pè ní T20. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n gbá ìyẹn títí di 2024, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbà á àfi àwọn mẹ́fà kan náà. Ife 22 ni gbogbo rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ti kópa níbẹ̀ lé ní ogún, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kàn ń wá, wọ́n ń lọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹni tí yóò gba ife tó ń bọ̀, ibí yìí ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe níbi orúkọ gbajúmọ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. A lè mọ àwọn tí kò ní gba ife, a sì lè mọ àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó súnmọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ní òun mọ̀ dájú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ju ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lọ. Ìṣirò kékeré kan tó láti fi í hàn. Ká gbà pé ẹgbẹ́ kan lágbára débi pé bó bá pàdé ẹnikẹ́ni nígbà mẹ́wàá, yóò borí nígbà méje. Ẹgbẹ́ ńlá gbáà nìyẹn. Àmọ́ kò-mẹsẹ̀-ó-yọ ni ìpele tó kángun sí àṣekágbá, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣekágbá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù ti ń lọ sílé nìyẹn. Bí a bá fi ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ́po ara rẹ̀, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa jẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó dára ju gbogbo ayé lọ, lẹ́yìn tó ti rù ú là dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rin, ṣì lè pàdánù ife náà ju kó gbà á lọ. Bí ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ bá tún wà nínú ìdíje náà, ìdá 34 ló kù fún un. Àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí àyà wọn kì í fi í já bí ẹnì kan bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ jù.

Ẹ wo Íńdíà ní 2023. Ilẹ̀ wọn ni ìdíje náà ti wáyé, wọ́n borí nígbà mẹ́wàá léraléra, Virat Kohli nìkan sì gba ayò 765, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí nínú Ife Àgbáyé kan. Ọsirélíà ní tirẹ̀ pàdánù eré méjì àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Íńdíà yìí kan náà. Nígbà tí wọ́n pàdé Afghanistan ní Mumbai, ayò 292 ni wọ́n ń lé, èèyàn méje wọn sì ti jáde nígbà tí wọn kò tíì ní ju 91 lọ. Glenn Maxwell, tí iṣan ẹsẹ̀ ń fà débi pé kò lè sáré mọ́, ló dúró tó gba 201 láì jáde. Nígbà tó di àṣekágbá pẹ̀lú Íńdíà ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, ní Ahmedabad, Travis Head gba 137, Ọsirélíà sì gbé ife lọ. Àwọn kan wá ń sọ pé gbogbo ẹni tó ti fojú sí Íńdíà lára kò mọ nǹkan kan nípa kríkẹ́ẹ̀tì. N kò gbà. Láti oṣù Kẹwàá 2023 títí di oṣù Kẹta 2025, nínú Ife Àgbáyé, ife T20 àti Champions Trophy, eré 24 ni Íńdíà gbá parí, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì pàdánù nínú rẹ̀. Pé ẹyọ kan yẹn lọ bọ́ sí ọjọ́ àṣekágbá lójú àwọn ará ilé wọn, àjálù ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé wọn kò dára. Ẹni tó sọ pé Íńdíà ló súnmọ́ ife jù jàre. Ẹni tó sọ pé kò sí ewu ló jẹ̀bi.

Gígùn eré náà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni over kan nínú kríkẹ́ẹ̀tì. Over 50 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nínú Ife Àgbáyé, ìyẹn bọ́ọ̀lù 300. Nínú T20, over 20 ni, bọ́ọ̀lù 120. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣe pọ̀ tó ni ẹni tó mọṣẹ́ fi ń ráyè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá sì ṣe ń gé e kúrú ni ẹni tí kò gbajúmọ̀ ń rí ọ̀nà. Ẹ̀rí èyí wà nílé wa. Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn kò ju ọmọ ọdún 19 lọ pàdé New Zealand nínú Ife Àgbáyé T20 àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Kuching, ní Malaysia. Òjò mú kí wọ́n gé eré náà sí over 13. Nàìjíríà gba 65, New Zealand gba 63. Ayọ̀ ńlá ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Íńdíà ló gba ife náà níkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn àgbà: Kenya na West Indies ní Pune ní 1996, tí gbogbo wọn jáde pẹ̀lú ayò 93 péré, Netherlands na Gúúsù Áfíríkà ní 2022, wọ́n tún nà wọ́n ní 2023, Amẹ́ríkà na Pakistan ní Dallas ní 2024. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó dé àṣekágbá. Kenya tó lọ jìnnà jù, tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rin ní 2003, rí ẹ̀bùn gbà lọ́nà, torí New Zealand kọ̀ láti wá sí Nairobi nítorí ètò ààbò. Àti ṣe ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀márùn-ún léraléra ni ife, kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé: Íńdíà ti 1983 ńkọ́? Sri Lanka ti 1996 ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Kí 1983 tó dé, eré kan ṣoṣo ni Íńdíà tíì borí nínú Ife Àgbáyé, East Africa ni wọ́n sì nà níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n gba ayò 183 péré ní àṣekágbá ní Lord's, West Indies tó ti gba ife méjì àkọ́kọ́ kò sì lè ju 140 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Láti 1932 ni Íńdíà ti wà lára àwọn àgbà kríkẹ́ẹ̀tì tó ń gbá eré ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ní oṣù Kẹta 1983 gan-an, wọ́n ti na West Indies ní Berbice, wọ́n tún nà wọ́n nínú eré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá nínú ìdíje yẹn. Àmì ti wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn ni kò wò ó. Ti Sri Lanka tún hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn méjì, Jayasuriya àti Kaluwitharana, ti ń gbá bọ́ọ̀lù kíkankíkan láti over àkọ́kọ́ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń rọra bẹ̀rẹ̀. Íńdíà àti Sri Lanka méjèèjì jẹ́ àgbà tí wọ́n fojú kéré. Àjèjì kò gba ife yìí rí.

Nígbà tí a bá ti mọ agbo kékeré yẹn, ó ku ohun tó ń gbé ọ̀kan ṣíwájú èkejì. Ọ̀pọ̀ a máa wo eré tí wọ́n gbá láìpẹ́, ìyẹn sì ń tanni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Gúúsù Áfíríkà fi mẹ́ta sí méjì na Ọsirélíà nílé; oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ọsirélíà lé wọn dànù ní Kolkata nígbà tó ku eré kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé ilé. Kò sí ẹni tó gbàlejò tó gba ife náà rárá títí Sri Lanka, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó jọ gbàlejò ní 1996, fi gbà á. Íńdíà tún wá gbà á nílé ní 2011, Ọsirélíà ní 2015, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019, ó sì fẹ́ di òfin kí 2023 tó já a. Nínú T20, láti 2007 dé 2024, kò sí onílé kankan tó gbà á. Pápá àti àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ni èmi máa ń wò ní tèmi, kí n tó wo ẹni tó ń fi igi gbá a. Ìyókù wà lọ́wọ́ oríire: nínú ife T20 ti 2021, níbi tí ìrì alẹ́ Dubai àti Abu Dhabi ti ń mú kí bọ́ọ̀lù máa yọ̀ lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹnìkejì ló borí nínú eré mẹ́ta tó kẹ́yìn ìdíje náà. Ní àṣekágbá Ife Àgbáyé 2019, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti New Zealand gba 241 dọ́gba, wọ́n tún dọ́gba nínú over àfikún, wọ́n wá ka iye bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá kan ààlà pápá kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò gbé ife. Wọ́n ti fagi lé òfin yẹn báyìí. Wòlíì wo ló lè rí irú ìyẹn?

Ife over 50 tó kàn, ti oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá 2027, Gúúsù Áfíríkà, Zimbabwe àti Namibia ni yóò ti wáyé, ẹgbẹ́ 14 ni yóò sì kópa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì wá sí Áfíríkà ṣáájú, ní 2003, Ọsirélíà sì borí nínú gbogbo eré 11 tí wọ́n gbá níbẹ̀. Johannesburg ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,600 mítà, bọ́ọ̀lù sì máa ń fò níbẹ̀. Ilẹ̀ pápá ibẹ̀ àti ti Centurion ń ran ẹni tó ń fi agbára ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Nítorí èyí, mo yọ Afghanistan àti Bangladesh kúrò, tí bọ́ọ̀lù yíyí wọn jẹ́ ti ilẹ̀ gbígbẹ. Mo yọ Sri Lanka. Mo yọ West Indies, tí Scotland ti ọ̀nà mọ́ kí wọ́n má dé ife 2023 rárá. Ọsirélíà kò ṣeé yọ láé, ṣùgbọ́n Steve Smith àti Maxwell ti fi eré over 50 sílẹ̀, Mitchell Starc yóò sì ti pé ọmọ ọdún 37. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ojora ló ń pa Gúúsù Áfíríkà, torí ìgbà márùn-ún ni wọ́n dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rin Ife Àgbáyé tí wọn kò sì ré kọjá rẹ̀ rí: 1992, 1999, 2007, 2015 àti 2023. Ojora kọ́ ló rọ òjò 1992, tí òfin ìgbà náà fi ní kí wọ́n gba ayò 21 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan. Ní 1999 pàápàá, ọ̀mì ni wọ́n ta. Bí a bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí sísọ owó ẹyọ sókè, ìgbà kan nínú 32 ni ẹnì kan máa pàdánù márààrún. Ó ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe èèmọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n na Ọsirélíà ní Lord's, wọ́n sì gba ife eré ọlọ́jọ́ gbọọrọ, Aiden Markram gba 136. Íńdíà ńkọ́ lórí ilẹ̀ yẹn? Wọ́n borí níbẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún sí ẹyọ kan ní 2018, Gúúsù Áfíríkà fi mẹ́ta sí òdo nà wọ́n ní 2022, Íńdíà padà wá borí pẹ̀lú méjì sí ẹyọ kan ní 2023.

Bí wọ́n bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, Íńdíà ni màá fún ní ìdá kan nínú mẹ́rin, màá fún Gúúsù Áfíríkà àti Ọsirélíà ní ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan, New Zealand, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Pakistan yóò sì pín èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Íńdíà ni mo mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìṣirò tèmi fúnra mi, ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ẹlòmíràn yóò gbé e lọ.